Celica Owó Údójì ní Kétu

Ní Ìbàdàn tí mo ti wá, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo la ní fún ọkọ̀ tó bá ti lé ní ogójì ọdún: ó ti kọ́ńdẹ́ẹ̀mù. Àwọn tó ń ra irin àlòkù á ti ọmọlanke wọn dé, wọ́n á dá iye owó tí wọ́n fẹ́, onílé á sì ní kí wọ́n ṣáà bá òun gbé e kúrò níwájú òun. Tí mo bá gbọ́ pé ẹnìkan ń fi ọ̀pọ̀ ọdún tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ tò nínú ilé ara rẹ̀, ìlú òyìnbó àti Japan ni ọkàn mi máa ń lọ, níbi tí èèyàn ti ní gáréèjì onílẹ̀kùn, tí iná kì í lọ, tí ẹ̀yà ọkọ̀ ń bá ìfìwéránṣẹ́ wọlé. Iṣẹ́ olówó tó dá wà ni mo kà á sí. Èrò tí mo gbé wọkọ̀ ní Ìwó Road nìyẹn, nígbà tí bọ̀dá mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ránṣẹ́ pé kí n wá wo Celica àwọn ní Kétu.

Òórùn ló kọ́kọ́ pàdé mi níbẹ̀. Ọjà èso ńlá wà ní Kétu, ẹni tó bá sì sọ̀ lápá Ìkòsì, ọ̀pẹ̀ òyìnbó ni yóò kọ́kọ́ gbá a nímú, lẹ́yìn náà ọsàn, ìbẹ́pẹ, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n jù. Bí mo ṣe ń lọ sí ìsàlẹ̀, níbi tí ilẹ̀ ti ń tẹ̀ lọ sétí omi Agbóyì, òórùn mìíràn bò ó mọ́lẹ̀. Kábáádì ni. Àwọn páńẹ́ẹ̀lì bítà máa ń kó òkúta rẹ̀ sínú dúrọ́ọ̀mù, wọ́n á bu omi sí i, gáàsì tó bá jáde nínú rẹ̀ ni wọ́n á pò mọ́ ọ́síjìn tí wọ́n á fi jó irin. Òkúta yìí kan náà ni NAFDAC ń kìlọ̀ fáwọn èèyàn pé wọn kò gbọ́dọ̀ fi mú èso pọ́n. Ìyàwó bọ̀dá mi ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ lọ́jà, wọn kò sì jẹ́ kí agolo kábáádì kankan sún mọ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọ́n ń kó ọjà sí. Wọ́n ní oníbàárà tó bá rí i kò ní dúró gbọ́ àlàyé.

Mo dọ̀bálẹ̀. Ní ilé wa, a ó jókòó ná, a ó bèèrè ará ilé lọ́kọ̀ọ̀kan, a ó mu omi, kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ ohun tó gbé wa jáde. Bọ̀dá mi gbà mí dìde, wọ́n ní, "Káàbọ̀, àbúrò. Ó yá, bá wa di ìhín mú." Irin pẹlẹbẹ kan ni wọ́n fi lé mi lọ́wọ́, iná sì ti ń jó létí rẹ̀ lọ́hùn-ún. Ìgbà tí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọkọ̀ tán ni wọ́n tó bèèrè ìyá mi.

Ọkọ̀ náà wà lórí bulọ́ọ̀kù nínú ọgbà, lábẹ́ tàpólì, àwọn yàrá ayálégbé sì yí i ká. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí gba orí rẹ̀ kọjá. Kò ní bánpà, kò ní iná iwájú, ilẹ̀kùn rẹ̀ kan wà lára ògiri. Síbẹ̀ kò sẹ́ni tó máa rí i tí kò ní mọ ohun tó jẹ́: imú gígùn, ìdí kúkúrú, fèrèsé ẹ̀gbẹ́ tí kò ní òpó láàárín, tó jẹ́ pé tí wọ́n bá yí gíláàsì rẹ̀ wálẹ̀ tán, afẹ́fẹ́ á wọ̀ ọ́ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Ọdún 1970 ni Toyota mú Celica jáde. Abẹ́ rẹ̀ àti abẹ́ Carina bára mu, ẹ́ńjìnnì 2T tó wà nínú èyí, 1588 cc, wà nínú Carina àti Corolla pẹ̀lú. Kì í ṣe ọkọ̀ àwọn ọba. Òṣìṣẹ́ tó fẹ́ kí ojú tẹ̀ lé òun ní títì ni wọ́n ṣe é fún.

Irú òṣìṣẹ́ bẹ́ẹ̀ gan-an ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi. Nígbà tí ìjọba Gowon tẹ̀ lé àbá ìgbìmọ̀ Údójì, tí wọ́n fi kún owó oṣù, tí àjẹsílẹ̀ rẹ̀ sì bọ́ sọ́wọ́ àwọn èèyàn lápapọ̀ lọ́dún 1975, ẹlòmíràn ra alùpùpù, ẹlòmíràn ra fíríìjì, ẹlòmíràn fẹ́yàwó kún ìyàwó. Bàbá ra ọkọ̀ onílẹ̀kùn méjì nígbà tí ọmọ wọn ti pé márùn-ún. Àwọn ẹbí ní ibo lẹ máa kó ọmọ sí? Bàbá ní kì í ṣe ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn máa ń jáde. Bọ̀dá mi ń sọ èyí bí ẹni tó ń fọ́nnu, mo sì rí i pé ìtàn yìí wà lára ohun tí wọ́n ń tún ṣe.

Apá òsì ni ìdarí ọkọ̀ náà wà, torí pé Nàìjíríà ti kúrò lọ́wọ́ òsì títì bọ́ sí ọwọ́ ọ̀tún láti ọjọ́ kejì oṣù April 1972. Ọwọ́ òsì ni Japan ń rìn títí dòní, nítorí náà dáṣíbọ́ọ̀dù Celica tó bá ti ibẹ̀ wá kò lè wọ inú èyí, ì báà jẹ́ tuntun. Èyí tó ti fọ́ ni wọ́n gbọ́dọ̀ tún lẹ̀.

Ohun tó sì bà á jẹ́ jù kì í ṣe ọjọ́ orí. Lóṣù October 2010, Odò Ògùn kún àkúnya, omi gba Ajégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú, ó gba àwọn àdúgbò tó rẹlẹ̀ ní Kòsọ́fẹ́. Nínú ọgbà yìí, ó dé orí ìjókòó. Omi lọ, ẹrẹ̀ kò lọ: ó há sínú ihò abẹ́ ilẹ̀kùn àti ibi tí táyà àfirọ́pò ń wà, ó sì ń jẹ irin láti inú wá, tó bẹ́ẹ̀ tó fi jẹ́ pé ọ̀dà ṣì ń dán níta nígbà tí kò sí irin mọ́ lábẹ́ rẹ̀. Ọ̀gá páńẹ́ẹ̀lì fi àtàǹpàkò ti ibì kan níṣojú mi, àtàǹpàkò náà wọlé.

Ìdí nìyí tí ọkọ̀ náà fi wà lórí bulọ́ọ̀kù tó ga bẹ́ẹ̀. Wọn kò dẹ̀ lè gbé e síta: ìjọba Èkó máa ń kó ọkọ̀ tí wọ́n bá pa tì sójú títì. Inú ilé ni iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wáyé, ilé ọ̀hún kì í sì í ṣe ti ẹnìkan.

Mo wá mọ èyí nídìí ẹ̀wà. Ní Ìbàdàn, ẹni tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ agbára láàárọ̀ á wá ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀, tó bá di ọ̀sán àmàlà á gorí rẹ̀. Ní Kétu, ẹ̀wà àgàǹyìn ni, tí wọ́n se títí tí kò sí odidi kan nínú rẹ̀ mọ́, ata rẹ̀ dúdú, epo rẹ̀ ti jóná tó ibi tó yẹ kó jóná dé, búrẹ́dì Agége lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ègùn ni ìyá tó ń tà á lẹ́nu ọ̀nà ilé náà, Yorùbá wọn sì ní orin nínú. Bí wọ́n ṣe bu ẹ̀wà fún mi tán, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n fa garawa ọ̀dà kan yọ lábẹ́ bẹ́ǹṣì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn méjèèjì Celica wà nínú rẹ̀, àti àwọn ìdérí àárín táyà, àti lẹ́tà tí wọ́n lẹ̀ sára bọ́nẹ́ẹ̀tì, gbogbo rẹ̀ nínú àkísà tí wọ́n ti ta epo sí. "Àwọn ọmọ tó ń ra irin máa ń yọjú," wọ́n ní. "Dádì ní kí n bá àwọn tọ́jú ẹ̀. Wọn ò lè wá a dé ìdí ẹ̀wà." Bọ̀dá mi ni wọ́n ń pè ní Dádì.

Láti ìgbà náà ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rí àwọn tó lọ́wọ́ sí iṣẹ́ náà. Ọmọkùnrin tó ń gbé yàrá kẹta jẹ́ rẹwáyà, ó ti tú gbogbo wáyà ọkọ̀ náà sílẹ̀ lórí ẹní, ó sì lẹ lébẹ̀lì mọ́ ọn láwọ̀ láwọ̀. Iṣẹ́ yìí ni bọ̀dá mi ń yọ lára owó ilé rẹ̀. Aránṣọ tó wà lápá kejì ń rán awọ ìjókòó. Ó ti tú ti àtijọ́, ó sì ń fi ìka ka ojú ìránṣọ náà kí tuntun má baà yàtọ̀. Ọmọ kékeré kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó máa ka bóòtù sínú agolo bisikíìtì, yóò sì kígbe tí ọ̀kan bá dín. Kò sí ẹni tó pè wọ́n ní ìpàdé. Ẹni tó bá ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sílé ìwẹ̀ lójoojúmọ́, bó pẹ́ bó yá, á bèèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ilẹ̀kùn.

Bọ̀dá mi mú mi lọ sí Owódé Onírin, lọ́nà Ìkòròdú. Mile 12 la kọ́kọ́ kọjá, apẹ̀rẹ̀ tòmátò àti tàtàṣé láti òkè Ọya tó gun ara wọn, àwọn Hausa alábàárù tó ń ké pé ká kúrò lọ́nà. Lẹ́yìn ìyẹn, ata parẹ́, irin gba ilẹ̀. Ìlàjì ọkọ̀, ìdámẹ́ta ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì tó jókòó sínú àwo táyà, gíláàsì iwájú tó fara ti ara wọn.

Mo mọ Àràrọ̀mí ní Agodi Gate dáadáa. Níbẹ̀, tí o bá bèèrè ohun tí wọn kò ní, wọ́n á ní kò sí, á parí síbẹ̀. Ní Owódé, ìbéèrè ni wọ́n fi ń dá ìbéèrè lóhùn. Ọkọ̀ wo? Ọdún wo? Àwòrán ẹ̀ ńkọ́? Ọmọ Igbo kan tó ń ta rédíétọ̀ kí bọ̀dá mi ní Yorùbá tó jinlẹ̀ ju tèmi lọ, ó dá owó ní pijin, ó yíjú sí aládùúgbò rẹ̀ ní Igbo, aládùúgbò náà, ọmọ Ìjẹ̀bú, sì fi Igbo dá a lóhùn. Àwọn ọ̀dọ́ gbọ́ Celica, wọ́n gbé iná iwájú ti àwọn tó dé lẹ́yìn ọdún 2000 wá. Bàbá àgbà kan tó jókòó sórí gíáàsì bọ́ọ̀sì kò tilẹ̀ dìde. "TA22 lẹ̀ ń wí," wọ́n ní. "Ṣé 2T ṣì wà nínú ẹ̀? Ẹ má bèèrè Celica mọ́ o. Ẹ bèèrè Carina."

Gbólóhùn yẹn ṣí ọjà fún wa. Orúkọ Celica ti tán nílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kò tíì tán. Kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì jáde, páǹpù omi jáde, gásìkẹ́ẹ̀tì tọ́ọ̀pù sìlíńdà jáde látinú páálí tí eruku ti bò. Ọgbọ́n tó wà ńbẹ̀ jọ mí lójú: bàbá yẹn kò ka ìwé àtúnṣe kankan níwájú wa, ṣùgbọ́n wọ́n mọ ìdílé ọkọ̀ bí arọ́kin ààfin ṣe ń mọ oríkì, wọ́n mọ ẹni tó jẹ́ ọmọ ìyá ẹni, wọ́n mọ ẹni tí ó kàn jọra.

Fẹ́ńdà nìkan ni a kò rí. Bàbá náà ní ká má dààmú ara wa, ó ti di ọ̀pá tí wọ́n fi ń da kọ́ńkéré. Àwọn iléeṣẹ́ tó ń yọ́ irin lápá Ìkòròdú ti kó wọn lọ tipẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi ẹsẹ̀ tọ́ka sí òrùlé bọ́ọ̀sì Hiace kan tó ti dojú dé. "Irin Toyota náà nìyẹn. Ẹ gbé e fún ẹni tó bá lọ́wọ́."

Ẹni tó lọ́wọ́ ni ọ̀gá páńẹ́ẹ̀lì. Mo ti ń wo àwọn tó ń lu ọkọ̀ láti kékeré, n kò sì wo wọ́n dáadáa rí. Wọ́n gbé páálí lé fẹ́ńdà ọ̀tún tó ṣì pé, wọ́n gé àwòrán rẹ̀, wọ́n yí páálí náà padà, ó di ti òsì. Wọ́n gé òrùlé Hiace tẹ̀ lé e. Irin ọkọ̀ Japan kò nípọn tó mìlímítà kan, iná tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ á mú un ká kò bí ewé, nítorí náà wọn kì í jó o lọ gbọọrọ: wọ́n á kán iná sí ibí, wọ́n á fi àkísà tútù tẹ̀ ẹ́, wọ́n á lọ sí ibi tó jìnnà, wọ́n á kán sí ọ̀hún. Àpò iyanrìn ni wọ́n gbé irin lé, òòlù onígi ni wọ́n fi lù ú kó lè kọ́kọ́ rọ̀, kí òòlù irin tó dé. Wọ́n ń di ojú nígbà mìíràn, wọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ fọwọ́ kàn án. Ojú lè gba ìmọ́lẹ̀ gbọ́, wọ́n ní, ọwọ́ kì í gbọ́ irọ́. Ọjọ́ kan lọ nínú títẹ̀ etí tó yí táyà ká nìkan. Nígbà tí wọ́n gbé e sára ọkọ̀, tó kan ilẹ̀kùn ní ibi tó yẹ kó kàn án, aránṣọ pariwo látinú yàrá rẹ̀.

Mo sọ fún wọn pé lọ́dún 2020, Toyota fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tún ẹ̀yà ọkọ̀ 2000GT àti Supra ṣe fún àwọn tó ṣì ní in, pé Nissan náà ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún Skyline GT-R láti ọdún 2017. Ohun tó dára ni, mo sì fẹ́ kí ó kan Celica lọ́jọ́ kan. Ọ̀gá páńẹ́ẹ̀lì gbọ́ mi tán. "Ó dáa. Àwọn tó ṣe é níbẹ̀, ṣé ọwọ́ ni àbí ẹ̀rọ?" Mo ní ẹ̀rọ ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Wọ́n padà sídìí òòlù. Ohun tí mo rí lọ́jọ́ náà ni pé ẹni tó ń tún ọkọ̀ ṣe ní Japan ń gbára lé iléeṣẹ́ tó rántí. Bọ̀dá mi ń gbára lé àwọn èèyàn tó wà ní ibi tí ohùn lè dé. Bí iléeṣẹ́ bá gbàgbé, àwòrán ṣì wà nínú ìwé wọn. Bí àwọn èèyàn yìí bá tán, kò sí ìwé kankan.

Ìjà wà o, n kò ní fi pamọ́. Bọ̀dá mi fẹ́ kí gbogbo nǹkan rí bó ṣe rí lọ́dún 1975. Ọ̀gá páńẹ́ẹ̀lì àti mẹ́káníìkì fẹ́ kí ọkọ̀ náà lè dé Ọjọ́ta kó sì padà. Ọ̀rọ̀ rédíétọ̀ ló gbóná jù. Bẹ́líìtì ló ń yí fáànù àtijọ́, ìyára ẹ́ńjìnnì ló sì ń tẹ̀ lé. Tí ọkọ̀ bá dúró sójú kan nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ, ẹ́ńjìnnì á rọra máa yí, fáànù náà á rọra máa yí, omi á hó. Mẹ́káníìkì fẹ́ rédíétọ̀ tó nípọn àti fáànù oníná. Bọ̀dá mi fárí ga.

"Celica gba ìdíje ọkọ̀ Safari ní Kenya," wọ́n ní, "1984, 1985, 1986, léra-léra. Ó gba ti Côte d'Ivoire náà. Kó tó dé, Datsun 240Z ti gba Safari ní 1971 àti 1973. Nínú ẹrẹ̀! Nínú eruku! Ẹ wá ń sọ fún mi pé kò lè tutù?"

"Dádì," mẹ́káníìkì dáhùn pẹ̀lẹ́, "ṣé Safari gba Mile 12 kọjá lọ́jọ́ Friday?"

Gbogbo ọgbà rẹ́rìn-ín, bọ̀dá mi náà rẹ́rìn-ín nígbẹ̀yìn. Ọ̀dọ̀ mẹ́káníìkì ni mo wà lórí èyí. Celica tó gba Safari, ìran kẹta ni, kì í ṣe ìran èyí, oní-tọ́bò, kì í sì í dúró sójú kan kí ooru fi ká a mọ́. Ọkọ̀ tó bá jẹ́ inú ọgbà nìkan ló ti lè rí bó ṣe rí lọ́dún 1975 kò tíì padà sáyé. Ṣùgbọ́n nígbà tí mẹ́káníìkì tún ní kí wọ́n yọ kábúrétọ̀ dànù, kí wọ́n fi ti ọkọ̀ mìíràn sí i, mo gbè sẹ́yìn bọ̀dá mi. Kábúrétọ̀ yẹn ṣeé tún ṣe, èèyàn tó mọ̀ ọ́n ṣe ṣì wà ní Ìkòsì, tí a bá sì gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò rán ọmọ wá kọ́ ọ?

Torí pé àwọn tó ń kọ́ ọ kò pọ̀ mọ́. Ọmọṣẹ́ kan ṣoṣo ló kù fún ọ̀gá páńẹ́ẹ̀lì. Àwọn tí wọ́n jọ bẹ̀rẹ̀ ti lọ gun ọ̀kadà, wọ́n ti lọ kọ́ fóònù títúnṣe, n kò sì lè bá wọn wí. Òòlù kò sanwó kíákíá. Èyí tó kù jẹ́ ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tó máa ń dúró ti irin lẹ́yìn tí ọ̀gá rẹ̀ bá ti lọ jẹun, tí yóò fi ọwọ́ pa á bí wọ́n ṣe ń pa á.

Wọ́n gbìyànjú ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ tó ṣáájú ìpadàbọ̀ mi. Tọ́ónà ti bá wọn bó ojú tọ́ọ̀pù sìlíńdà kó lè tẹ́jú, rẹwáyà ti fi bátìrì sí i, epo wà nínú ìgò tí wọ́n fi okùn so kọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ̀ fún wọn lẹ́ẹ̀kíní, ó yìnbọn sí wọn lójú lẹ́ẹ̀kejì. Mẹ́káníìkì ya etí páálí sìgá, ó fi wọn àlàfo kọ́ńtáàkì sẹ́ẹ̀tì, ó dín in díẹ̀. Nígbà tó gbà, ìyá ẹlẹ́wà fi ṣíbí lu ìkòkò, aṣọ tó wà lórí okùn gba èéfín, ẹni tó ni aṣọ kò sì bínú.

Ọmọṣẹ́ yẹn ló gbé báàgì mi dé ibùdókọ̀ Kétu. Lójú ọ̀nà ló sọ fún mi pé fírídọ̀ọ̀mù òun máa wáyé lóṣù December, ó sì bi mí bóyá màá lè wá. Mo ní màá wá. Ọ̀gá rẹ̀ ti sọ fún un pé iṣẹ́ ìdánwò rẹ̀ ni ilẹ̀kùn tó wà lára ògiri, òun nìkan ni yóò ṣe é, ẹnikẹ́ni kò ní bá a fọwọ́ kàn án. Bọ̀dá mi sì pè mí lórí fóònù kí ọkọ̀ tó gbéra: tí n bá dé Ìbàdàn, kí n dé Àràrọ̀mí, kí n wò ó bóyá ìbòjú iná ẹ̀yìn apá òsì wà níbẹ̀.

"Kí n bèèrè Carina?" mo ní.

"Rárá o. Iná ẹ̀yìn kò bára mu. Bèèrè Celica, kí o sì wá ẹni tó dàgbà jù nínú ọjà."